Òrùka tí Òòfà Yóò Bá Nínú Ìfun Rẹ

Ìjẹ̀bú-Imusin,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1988.

Gilbert, ọmọ mi,

Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Olúwa tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí n gbọ́ aburú rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹ̀gẹ́ wa sì ta dáadáa lọ́dún yìí.

Bọ́lánlé, olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní yunifásítì, ni ó ka lẹ́tà rẹ fún mi, òun náà ni ó ń bá mi kọ èyí. Mo gbọ́ pé ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ ń wú, pé ẹ̀rọ tuntun kan tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ènìyàn ni wọn yóò tì ọ́ sí, pé ìwọ yóò mu omi púpọ̀ kí ìfun náà lè là, ìwọ yóò sì dùbúlẹ̀ láìmira. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ibi tí fọ́ọ̀mù wọn ti béèrè bóyá irin wà nínú ara rẹ, dákun, má tíì kọ “rárá” síbẹ̀.

Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, òrùka mi sọnù, mo sì ní Sàúdátù tí a jọ ń gbé àgbàlá kan ni ó jí i. Lójú gbogbo ilé ni mo ti ní kó fi Àlùkùránì búra. Ó búra, mo ṣì pè é ní olè, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Lọ́jọ́ kejì ni o sọ fún mi pé ìwọ ni o gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi igi tú ìgbẹ́ rẹ, n kò rí i, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ló ṣì wà, òun ló ń dà ọ́ láàmú. Sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ mú ṣinṣin, kí òòfà má baà fà ọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.

Mo fẹ́ kí o fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi, kí n fi han Sàúdátù. Ibí yìí ni Bọ́lánlé ti gbé bírò sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ kì í dúró de àwòrán, àti pé òun kò ní lẹ lẹ́tà yìí pa àfi bí mo bá kọ́kọ́ lọ bẹ Sàúdátù.

Mo lọ lánàá. Sàúdátù ti hu ewú. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n fọkàn balẹ̀ nítorí òrùka, pé ohun tó wọ ìfun ọmọdé kì í pẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí òun lójú àwọn ará ilé ni kò tíì jáde. Lẹ́yìn náà ó béèrè bí ara rẹ ṣe rí, ó sì gbàdúrà fún ọ kí ó tó fà mí dìde.

Síbẹ̀, sọ fún dókítà. Bí o bá sì rí owó díẹ̀ fi ránṣẹ́, má kọ orúkọ mi sí i. Sàúdátù ni kí o kọ. Bí o bá ṣe wọ inú ẹ̀rọ náà lódidi, lódidi ni ìwọ yóò jáde. Àmín.

Ìyá rẹ,
Mọ́ṣádé.