Kílò Mẹ́ta Ìwé Ìdánwò fún Pranjali

Pranjali ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ìlú Pune ò fi ìyà jẹ ọ́? Àwa ńkọ́, a wà, a dúpẹ́. Ojú rẹ kò ní rí ibi. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ẹfọ̀n wa bí abo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ sì ti fi orúkọ rẹ pè é kí n tó dé láti oko, má bínú.

A rí lẹ́tà rẹ, tí o ní ìdánwò ìṣirò gbé ọ ṣubú lẹ́ẹ̀kejì, pé bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, o máa fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀. Mo bá wá Tísà Kadam lọ, tó kọ́ ọ níwèé ní kékeré. Ó ní ọgbọ́n ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Ó ní kí o kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn, kí o fi èyí tó le dìkẹyìn, kí o má sì méfò, torí wọ́n ń yọ máàkì ẹni tó bá gbà á sódì. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń kó máàkì tí wọ́n yọ sí, ṣé wọn ò lè bu díẹ̀ fún ọ níbẹ̀.

Ó tún ní kí o wá ìbéèrè ọdún márùn-ún sẹ́yìn, torí ìbéèrè a máa padà wá. Ìyẹn yé mi dáadáa. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Sangli, sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta àlòkù ìwé, mo tú òkìtì rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mo ra kílò mẹ́ta. Nígbà tí Tísà wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́, ó ní ìbéèrè ìdánwò àwọn agbẹ̀bí ni. Ojú tì mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó wò mí, ó ní òun ò rí irú bàbá yìí rí, ó sì fi fóònù pe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan tó ti di ẹnjiníà ní Mumbai. Ní ọjọ́ kejì, ìbéèrè gidi dé sórí fóònù Tísà láti Mumbai, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ó ṣì gbóná nígbà tí mo gbà á, oòrùn ojú ọ̀nà Mumbai mà le o. Òun ló wà nínú àpò yìí, ọdún márùn-ún pé pérépéré.

Bí kò bá tún bọ́ sí i, ilẹ̀kùn wa kò tì. Àmọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Jọ̀ọ́, nínú owó tí o ń rí lórí ọmọ onílé tí o ń kọ́, fi irínwó rúpì ránṣẹ́ sí mi, owó bọ́ọ̀sì ni. Mo fẹ́ jókòó sẹ́nu géètì lọ́jọ́ ìdánwò. N kò ní pariwo. Bí o bá jáde, n kò ní bi ọ́ bí ó ṣe rí, bí ebi bá ń pa ọ́ ni mo máa bi ọ́.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ohun tí o kà kò ní fò lọ, wàá ṣe é yọrí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Dattu