Ọmọ Mi Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kìn-ín-ní, 1957

Mo dé ilé ìwé ní Ọ̀bà-Ilé láàárọ̀, ẹlòmíràn ti jókòó sórí àga mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ — bàtà rẹ̀ ń dún kó-kó-kó lórí sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá ní irú wọn ni wọ́n ń fẹ́ báyìí, pé kì í ṣe pé iṣẹ́ mi ní àléébù. Mo kí i. Mo mú agboòrùn mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé wa ní Ìsìkàn, l'Àkúrẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Ìyá mi ò sunkún. Ó ní, "Ayé ò gbọdọ̀ gbọ́. Ojoojúmọ́ ni kó o máa múra, kó o gba iwájú ilé jáde kí wọ́n rí ọ." Ọ̀dọ̀ Àǹtí Àṣàbí, àbúrò rẹ̀, ni kí n lọ jókòó sí títí ilé ìwé á fi jáde. Bí oṣù kejì bá parí tí mi ò ríṣẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ ni, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bi wá léèrè.

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Yàtọ̀ sí ìyá àgbà, mi ò mọ ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Ilé ìwòsàn ní àyè ò sí. Pósítọ́fíìsì ò fèsì lẹ́tà mi. Àǹtí Àṣàbí ń kọ́ mi ní aṣọ híhun. Ọwọ́ mi ò yá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Mo lọ sí Oǹdó láti wo ọmọ tuntun Kíkẹ́ — èmi àti ẹ̀ jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ìwé. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu ọmọ. Ó ní, "Ṣàkírátù, ìwọ ń wáṣẹ́ bí ẹni ń jalè." Pé lẹ́tà nìkan ò tó, kí n fojú hàn. Pé kí n sọ fún télọ̀, fún dírẹ́bà, fún ẹni tó ń tajà — ẹnu èèyàn niṣẹ́ ń gbà wá. Pé níbikíbi tí mo bá dé, kí n sọ ibi tí wọ́n ti lè rí mi.

Táíyé, tíṣà kan níbi tí ọkọ Kíkẹ́ ti ń kọ́ni, ń lọ sí Ìbàdàn. Àyè á ṣí sílẹ̀. Kíkẹ́ fà mí dé ilé ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Johnson. Kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Níbo la ti lè rí ọ?" Mo ní, "Ọjà Àkúrẹ́, ìsọ̀ Ìyá Ṣàkírátù, alátẹ tánńganran."

Mi ò sọ fún ìyá mi. Kò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo ti la ẹnu.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kejì

Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 14

Ìyá mi fẹ̀rín wọlé láti ọjà. Ó ní ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì lójú dúró lẹ́bàá àtẹ òun, ó ní ṣé ìyá ọmọ tó ń wáṣẹ́ tíṣà nìyẹn. "Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́, ní Ọ̀bà-Ilé! Ọkùnrin náà tọrọ gáfárà, ó tún ra abọ́ méjì." Ó ní, "Ṣó o rí i bí ayé ṣe ń tọ pinpin?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Mo ka owó ọkọ̀ sílẹ̀ láti lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Johnson.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Bọ́lẹ̀kájà àkọ́kọ́, Oǹdó. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ò jágbe mọ́ mi. Ìbá sàn kó jágbe. Ó ní, "Ìyá ẹ ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìwọ ní o ò níṣẹ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Ẹfun ìkọ̀wé wà ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń wò. Ìyá tó bí mi, kí n wá dúró níwájú àjèjì kí n pè é ní òpùrọ́ —

Mo ní, "Ìyá mi kì í purọ́, sà."

Ó mi orí. "Ó dáa. Padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Mi ò lè fi àyè ẹni tí ò níṣẹ́ fún ẹni tó ní in."

Orí afárá Ọ̀wẹ̀nà, lọ́nà ilé, ni èsì tó yẹ ti wá sí mi lọ́kàn: ìyá mi ò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi ni, sà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́lẹ̀kájà ò dúró.

Ọjọ́bọ̀, 28

Ẹrù ti di dídì. Ìyá Bùsàrí, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwa, bi ìyá mi pé ibo là ń kó gbogbo èyí lọ. Ìyá mi ò tilẹ̀ ronú. "Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ilé ìwé ńlá."

Ìyá Bùsàrí gbá mi mọ́ra. Ó ní, "Tíṣà wa, o kú oríire. Má gbàgbé wa o."

Mo ní, "Mi ò ní gbàgbé yín, mà. Ẹ ṣé."