Iṣu Tuntun Tí Bàbá Ọkọ Mi Kò Fẹ́ Gé

                                        Ilé Alájà Kan, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìtòkú,
                                        Abẹ́òkúta.
                                        24 Oṣù Kẹwàá, 1982.

Mọ́níkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Dìran ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Jọ́ọ̀sì yẹn, ṣé kò tíì sọ ọ́ di ẹlòmíràn? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òjò ti lọ, ọyẹ́ ti ń yọjú láàárọ̀, aṣọ tí mo bá sá sì ti ń gbẹ kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ òjò yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí fura sí bàbá ọkọ mi.

O mọ ilé ọkọ mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa, onígbàgbọ́ ni o, mùsùlùmí ni o, kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu títí Bàbá yóò fi gé e lọ́jọ́ ọdún iṣu. Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é. Lọ́dún yìí, Bàbá kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé òjò pọ̀ jù. Òjò dá, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ san, ó ní iṣu kò tíì gbó. Mọ́níkẹ́, iṣu tí wọ́n ti ń tà ní ọjà Kútọ̀ láti oṣù keje! Àwọn ọmọ mi ń wo iyán ará ilé kejì bí ẹni ń wo sinimá. Mo sọ fún Ládépọ̀ ọkọ mi pé nǹkan kan wà ńbẹ̀. Ó ní kí n fi bàbá òun sílẹ̀.

Ǹ bá sì fi í sílẹ̀ lóòótọ́, àfi bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe yọ sí mi ní ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní kí n bá òun rẹ àdìrẹ olósùpá, ìró pẹ̀lú gèlè, kí n má sì jẹ́ kí Ládépọ̀ gbọ́. Ta ló fẹ́ wé gèlè nínú ilé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú ní oṣù kẹfà? Mo rẹ aṣọ náà o, ṣùgbọ́n inú ń bí mi bí mo ṣe ń rì í bọ inú aró. O mọ ohun tí Ìyá ọkọ mi jẹ́ fún mi. Nígbà tí mo bí Sàlàhúdíìnì tí ara mi kò yá, òun ló ń wẹ ọmọ, òun náà ló ń wẹ èmi. N kò lè fara mọ́ ọn kí ẹlòmíràn wá jókòó sórí àpótí rẹ̀ kí ọdún tó yí.

Wùnmí, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, wá dá kún un. Ó ní òun rí Bàbá tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Kọ́bapẹ́, tó fá irùngbọ̀n, tó wọ dàńṣíkí funfun. Ni mo bá parí ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn mi: opó kan ló wà ní Kọ́bapẹ́, òun ni Bàbá ń dúró dè kí ó tó ṣọdún. Mo tilẹ̀ ti mọ bí ojú obìnrin náà ṣe rí, èmi tí n kò rí i rí. Mo kórìíra rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé, kí n lè ká wọn mọ́. Bàbá nìkan ni mo bá ní ilé ìdáná Ìyá. Ó ti tẹ́ aṣọ olósùpá náà sórí àpótí tí Ìyá máa ń jókòó lé, ó ká gèlè rẹ̀ lé e. Kò tilẹ̀ ta gìrì nígbà tó rí mi.

Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ fi í sí?"

"Ta ni?"

"Ìyàwó yín ti Kọ́bapẹ́."

Ó ní, "Ìyá Ládé ni ìyàwó mi ti Kọ́bapẹ́. Mo lọ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé n ò lè ṣe é."

Kọ́bapẹ́ ni wọ́n ti bí Ìyá lóòótọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ìfura ni kò jẹ́ kí n rántí.

Ó wá là á yé mi. Nínú ilé wọn, ọjọ́ ọdún iṣu ni ọdún ń yí. Ẹni tó bá kú ṣáájú ọjọ́ náà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò tíì kà á mọ́ àwọn tó ti lọ. Bí baálé bá gé iṣu tuntun, yóò pe òkú kọ̀ọ̀kan lórúkọ, yóò sì ju ti oníkálukú sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ló di ará ọ̀run pátápátá.

Bàbá ní, "Lọ́dọọdún, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń fi àkọ́gé sí. Ẹ wá ní kí n jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ṣèlérí aṣọ yìí fún un lẹ́ẹ̀ṣí. Mo fẹ́ kó gbà á nígbà tó ṣì jẹ́ tèmi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ti gbà á wàyí. Lọ sọ fún ọkọ rẹ pé n ó gé e ní Sátidé."

Ojú tì mí, Mọ́níkẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Àná la ṣe é. Ilé kún. Bàbá gé iṣu, ó ń pe àwọn àgbà tí èmi kò mọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ìyá, ó gbé iṣu náà lé orí itan rẹ̀, a sì rò pé yóò tún sún un síwájú. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kò gbọ́ kí Bàbá pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ rí. "Ìyá Ládé" ni í pè é, bí inú bá tilẹ̀ ń bí i. Ó gbé iṣu náà sókè, ó ní, "Sẹ̀gilọlá." Ó sì jù ú sílẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ ní oṣù kẹfà nígbà tí wọ́n wẹ Ìyá, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ín. Ṣùgbọ́n àná ni Ìyá tó kú lójú mi.

Bá mi kí Dìran, kí o sì gbé àbígbẹ̀yìn rẹ jó fún mi. Ládépọ̀ ń kí yín. Bá mi ṣàdúrà fún Bàbá. Kò jẹun láti àná.

Tìrẹ ni mí láìyẹ̀,
Asiata