Ẹ̀wù Àrán Ọmọ Ọba: Ìtàn Ìgbésí Ayé Àlàájà Kìfáyàtù Àbẹ̀jẹ́ Ìdírísì (1960–2024)

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó yá wa ní Màmá fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Àwa ẹbí kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì wá ní Al-Hujun ní Mẹ́kà lónìí fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, a sì kí ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́ ní Ìsẹ́yìn. Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè ìdí tí ẹ̀wù àrán aláwọ̀ ewé fi wà lórí àga tí Màmá máa ń jókòó lé. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn yìí. Ẹ fi sùúrù kà á.

Agboolé àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Àlàájà Kìfáyàtù sí ní oṣù kẹta ọdún 1960. Bàbá wọn ni olóògbé Àlàájì Àjàmú, ahunṣọ tí ẹtù ọwọ́ rẹ̀ dé Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ìyá wọn, olóògbé Múríkàtù, ló ń ran òwú fún un. Àárín òwú ni Màmá ti kọ́ ìrìn. Wọ́n lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé kíláàsì kẹrin, kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá wọn. Wọ́n fi ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ní ọdún 1978 ni wọ́n gba fírídọ́ọ̀mù. Ọ̀gá wọn sọ lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà pé àlébù kan ṣoṣo ló wà lára Kìfáyàtù: tó bá ti wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ó gbà pé òun ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, kì í fẹ́ mú téépù.

Ní ọdún 1981 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú olóògbé Ìdírísì, àkọ́bí Àlàájì Fàrúkù, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìbàdàn. Ọlọ́run fi Jẹ̀mílátù ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 1983. Ní ọdún 1986, ọkọ̀ náà dànù lójú ọ̀nà, Ìdírísì kò sì padà wálé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Màmá nígbà tí wọ́n di opó.

Ní ọdún 1988 wọ́n lọ sí Hájì. Kí wọ́n tó lọ, àwọn àti Àlàájì Fàrúkù jọ ṣe àdéhùn: Màmá yóò dúró sí Jẹ́dà láti máa ránṣọ, Jẹ̀mílátù yóò wà lọ́dọ̀ bàbá-bàbá rẹ̀, nígbà tí ọmọ bá sì pé ọdún mọ́kànlá, Àlàájì yóò mú un wá sí Úmúrà, Hájì kékeré, kí ó lè rí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni Màmá ń retí. Wọn kò ní ìkáámà, ìwé ìgbélùú tí wọ́n ń fún àlejò ní Saudi. Bí wọ́n bá jáde kúrò nílùú, kò sí ọ̀nà àtipadà mọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló ń bọ́ ilé méjì. Nítorí náà, wọn kò lè wá wo ọmọ. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ wá wò wọ́n.

Iyàrá kan ní Al-Hindawiyah ní Jẹ́dà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú Ṣìkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń dirun. Máṣíìnì wà lápá ọ̀tún, àga ìdirun wà lápá òsì. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Kọ́ráàlì, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, ti bá wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 1993. Ó gbé álíbọ́ọ̀mù fọ́tò kan dání. Ó ní àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí àwọn jọ ń gbé inú ọgbà fẹ́ ṣe eré orin àti ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn, irú èyí tí ìyá-ìyá òun ń ṣe láyé àtijọ́, òun sì ń wá ẹni tí yóò rán aṣọ rẹ̀.

Bí Màmá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì ni Kọ́ráàlì ń sọ̀tàn, Lárúbáwá àbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì àbọ̀. Ìyá-ìyá rẹ̀ kúrò ní ìlú awakùsà wúrà kan ní ọdún 1909, ó sì tẹ̀ lé ẹgbẹ́ òṣèré. Wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mẹ́ẹ́bọ̀nù lọ sí Sídínì, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà. Àwòrán àwọn òṣèré wà lórí káàdì, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé a sì máa kó o jọ bí ẹni kó ìlẹ̀kẹ̀. Nínú eré kan ṣoṣo, èèyàn á rí olórin, á rí ogún ọmọbìnrin tí ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á rí ajá tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, á sì tún rí aláwàdà kan tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé àwo sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kó sì já bọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń já bọ́, fún ọdún mọ́kànlá.

“Kò fi ibì kan kán?” ni Màmá béèrè.

“Ọdún tó fẹ̀yìn tì ló ṣubú nílé, tó kán lọ́wọ́.”

Kọ́ráàlì sọ ohun kan pẹ̀lú tí Màmá kò gbàgbé. Ó ní bàbá ìyá-ìyá òun kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà, nítorí ohun tí àwọn ará àdúgbò sọ fún un nípa àwọn òṣèré. Ọjọ́ kan ló yọ́ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì fi ojú ara rẹ̀ wo eré náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí eré parí, ó dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gba àpótí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ rìn lọ sílé.

Kọ́ráàlì wá na ìka sí fọ́tò ọmọ ọba kan: ẹ̀wù àrán, fìlà oníyẹ̀ẹ́, ọwọ́ ní ìbàdí, ìbọ̀sẹ̀ gígùn títí dé itan. “Irú èyí gan-an ni mo fẹ́.” Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò mú téépù. Wọ́n gé àrán náà sí ìwọ̀n géńdé ọkùnrin, èjìká gbòòrò, àyà pẹrẹsẹ. Nígbà tí Kọ́ráàlì wọ̀ ọ́ wò, ọwọ́ rẹ̀ sọnù sínú apá ẹ̀wù.

“Ọkùnrin tó fẹ́ wọ̀ ọ́ dà?” ni Màmá béèrè.

Ẹ̀rín mú Kọ́ráàlì jókòó sílẹ̀. “Èmi ni ọmọ ọba. Ìyá-ìyá mi ló wà nínú fọ́tò yẹn.”

Nínú eré ìparí ọdún àwọn òyìnbó, obìnrin ló ń ṣe ọmọ ọba. Gbogbo òǹwòran ló mọ̀, adùn eré náà sì ni. Ṣìkẹ́ lu ọwọ́ lé ọwọ́. “Télọ̀ olójú téépù! Ó rí ìyá àgbà, ó ní bàbá ni!” Màmá gé ẹ̀wù mìíràn. Wọ́n sì ká èyí tí wọ́n ṣì gé náà pamọ́.

Ọjọ́ tí ẹ̀wù kejì parí, wọ́n ya fọ́tò: ọmọ ọba gíga, gbogbo irun lábẹ́ fìlà, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká Màmá. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Màmá débi pé wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sílé. “Iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé” ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbí ni àwa ẹbí ti ṣẹ̀ wọ́n, a kò sì fẹ́ fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀wù nínú wa. Ọwọ́ tó wà lórí èjìká opó ọmọ wa là ń wò. Ní oṣù kejì ọdún 1994, arìnrìn-àjò kan mú kásẹ́ẹ̀tì dé Al-Hindawiyah. Ohùn Àlàájì Fàrúkù ló wà nínú rẹ̀.

“Kìfáyàtù, a ti rí òyìnbó rẹ. Ó ga, ó rẹwà, ìyẹ́ sì wà lórí rẹ̀ bíi ti àkùkọ. A kò ní kí o má fẹ́ ọkọ, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n o kò sọ fún wa, a kò sì mọ̀ bóyá ó ń kírun. Jẹ̀mílátù kò ní wá sí ilé rẹ̀. Má retí ọmọ mọ́.”

Ṣìkẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó ọmọ ọba! Níbo lẹ ti jẹ àsè tí ẹ kò pè mí?” Ìgbà tó rí ojú Màmá ló wá jókòó tì wọ́n. “Bínú sí wọn, Kìfá.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú? Èmi tí mo mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ohun kan náà ni mo rò.”

Màmá kọ lẹ́tà mẹ́ta. A kò dá ọ̀kan lóhùn. A ní ẹni tó bá fẹ́ parọ́ lè kọ ohunkóhun. Nígbà náà ni wọ́n rántí bàbá tó yọ́ wọlé lọ wo eré. Dókítà kan ti ya gbogbo eré tí Kọ́ráàlì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìparí ọdún sí fídíò. Kọ́ráàlì ṣe ẹ̀dà kan fún wọn, Màmá sì gbé e lọ sí At-Tandabawi ní Mẹ́kà, lọ́dọ̀ Abdulateef, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń kọ́ òfin Ìsìláàmù ní yunifásítì, tó sì fẹ́ lọ lo ọlidé nílé.

“Àlàájà, ẹ fẹ́ kí èmi gbé ijó òyìnbó wọ ilé Àlàájì Fàrúkù?”

“Kì í ṣe ijó. Ìparí rẹ̀ ni kí o fi hàn wọ́n. Yí i dé ìparí kí o tó kúrò níbí.”

“Tí wọ́n bá lé mi jáde ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé ọmọ mi kò ní mọ̀ mí nìyẹn.”

Abdulateef gba téèpù fídíò náà. Màmá tún fún un ní ẹ̀wù àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ṣì gé.

Ní oṣù keje, a péjọ sí pálọ̀ Àlàájì Fàrúkù. Abdulateef ti yí téèpù dé ìparí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fídíò tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò ní ìwà tirẹ̀: bó bá ti gbé téèpù mì, yóò kọ́kọ́ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ni àwọn oníjó bá yọ. Abdulateef fò dìde, ó na agbádá rẹ̀ bo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn agbádá náà, a gbọ́ tí àwo fọ́ gbàràmù, tí èèyàn sì ń yí lórí àtẹ̀gùn.

“Àfáà, kúrò níbẹ̀,” ni Àlàájì Fàrúkù wí, “jẹ́ ká mọ̀ bóyá ó kú!”

Àlàájì kò lé e jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi ìdí fìlà nu ojú. Nígbà tí eré dé ìparí, ọmọ ọba bọ́ síwájú, ó fi ọwọ́ lu itan rẹ̀ pàá, ó ṣí fìlà. Irun pupa já wálẹ̀ dé ìbàdí. Ilé hó.

“Ẹ dá a padà!” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àlàájì ní kí wọ́n dá a padà. “Obìnrin ni ọkọ tí mo ń bínú sí!”

Lẹ́yìn náà ni ọmọ ọba pe ẹni tó rán aṣọ. Màmá gun orí pèpéle pẹ̀lú ìborùn wọn, téépù lọ́rùn. Ọmọ ọba lu itan, ó ní kí Màmá náà lù ú. Màmá lu tiwọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èjìká wọn ń mì. Jẹ̀mílátù kò tíì rí ìyá rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan gíláàsì tẹlifíṣọ̀n.

“Bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn?”

Abdulateef wá yọ ẹ̀wù àrán náà jáde, ó sì jíṣẹ́ tí Màmá rán an: èyí ni àwọn gé nígbà tí àwọn náà rò pé ọkùnrin ni. Àlàájì Fàrúkù wọ̀ ọ́. Ó bá wọn mu bí ẹni pé wọ́n mú ìwọ̀n wọn. Ẹ̀wù yẹn ni wọ́n wọ̀ lọ kírun Iléyá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú ooru.

Nínú oṣù Ààwẹ̀ ọdún 1995, Àlàájì fúnra wọn mú Jẹ̀mílátù wá sí Úmúrà. Ìta Háráámù, mọ́ṣáláṣí ńlá Mẹ́kà, ni ìyá àti ọmọ ti pàdé. Àlàájì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí wọ́n fi sunkún tán.

“Mo wò, n kò béèrè,” ni wọ́n sọ fún Màmá.

“Bàbá, èmi náà gé, n kò wọ̀n.”

Kọ́ráàlì padà sí ìlú rẹ̀ lọ́dún yẹn. Òun àti Màmá ń kọ̀wé síra títí ó fi kú ní ọdún 2011. Ní ọdún 1997, Màmá fẹ́ Àlàájì Rashid, tó ń ta òróró olóòórùn dídùn ní Al-Hujun, wọ́n sì di ẹni tó ní ìkáámà. Wọ́n bí Arwa ní ọdún 1999. Màmá kì í fi ìrun ṣeré. Wọ́n kọ́ obìnrin tó lé ní ogójì ní iṣẹ́ aránṣọ, àwọn tí kò ní ìwé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. “Téépù dà?” ni wọ́n fi ń kí wọn láàárọ̀. Bí ọmọ Yorùbá kan bá kú sí Mẹ́kà tàbí Jẹ́dà láìní ẹbí nítòsí, Màmá ló ń gé aṣọ ìkẹyìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe aṣọ tó nílò ìwọ̀n púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wọn olúkúlùkù.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́, Màmá dáhùn ìpè Olúwa wọn. Wọ́n kírun sí wọn lára ní Háráámù lẹ́yìn ìrun Àsárì, a sì sin wọ́n sí Mẹ́kà lọ́jọ́ náà. Ṣìkẹ́ ló wọn aṣọ ìkẹyìn wọn. Téépù Màmá ló lò.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọkọ wọn, Àlàájì Rashid. Àwọn ọmọ wọn, Jẹ̀mílátù àti Arwa, tó ní kí á ka ìtàn yìí fún òun lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fi Lárúbáwá dáhùn pé òun kò mọ̀ pé ìyá òun ti gun orí pèpéle rí. Àwọn ọmọ-ọmọ, Àzíìzàt, Hámídù àti Taghreed. Àti Ṣìkẹ́, tí ó jẹ́ àbúrò fún wọn.

Ní ti ẹ̀wù orí àga: kí Àlàájì Fàrúkù tó jáde láyé ní ọdún 2008, wọ́n ní kí Jẹ̀mílátù dá a padà fún ẹni tó rán an. Ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ni Màmá gbé e kọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án lónìí, kó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rántí ohun kan tó gbà gbọ́ nípa ẹnì kejì rẹ̀ láìbéèrè, kó lọ béèrè kó tó sùn.

Àlàájà Kìfáyàtù, Àbẹ̀jẹ́, ẹ ti foríjì wá tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìdáríjì sú yín. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùsùn yín sí Àlùjánnà, níbi tí ẹ kò ti ní tọrọ ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ bá yín mu, a wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ sùn re o.