Àdíját Ń Lọ sí Wọ́kíṣọ́ọ̀bù ní Pọtakọ́ọ̀tù

Agboolé Aláró,
Ìlọrà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1970.

Àdíját ọmọ mi, Àkànkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara Làtífù ọkọ rẹ le? Àwa níbí dúpẹ́, àgbàdo yọ ọmọ, adìẹ pa ẹyin. Ilẹ̀ ibẹ̀ á tù yín lára o. Àbúrò mi Tàjúdéènì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi tiẹ̀ kún un.

Lẹ́tà tí Làtífù kọ lóṣù kẹfà kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ó ní láti ìgbà tí ẹ ti dé Pọtakọ́ọ̀tù, o kì í jáde nínú yàrá, pé o kò gbédè ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ tìrẹ, pé bí òun bá ti lọ síbi iṣẹ́ ní Trans-Amadi, ẹkún lò ń sun títí òun á fi dé. Mo di ẹrù mi, mo ní mò ń bọ̀ wá mú ọ wálé.

Ẹrù ṣì wà ní dídì nígbà tí lẹ́tà tìrẹ dé, pé arábìnrin kan tó ń jẹ́ Ibiere mú ọ lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù ní Abuloma, níbi tí ẹ̀yin àlejò ti ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ Àlàmísì. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ kò ju ti Gbọ́lágadé tó ń tún mọ́tò ṣe, mo bá lọ sọ fún un pé ọmọ mi ti di mẹkáníìkì, kí ni obìnrin fi ń fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Tàjúdéènì ló tún lẹ́tà náà kà dáadáa, pé àwòrán lẹ ń yà níbẹ̀, ẹ sì ń fi amọ̀ mọ nǹkan. Àṣé Ibiere ní kí kálukú ya ohun tí àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, kí òun wá sọ orúkọ rẹ̀ fún un lédè gẹ̀ẹ́sì. O ní o ya èmi, mò ń fẹ́ná, pé obìnrin kan tí ogun lé kúrò nílé rí i, ó bú sẹ́kún, o sì dì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹ kò gbédè ara yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí Tàjúdéènì ka ibẹ̀ yẹn.

Mo rí àwòrán náà tí o fi sínú lẹ́tà. Ewúrẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, sọ fún tíṣà yín pé mẹ́rin ni tiwa ní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fẹ́ná yẹn, ọwọ́ mi ni.

O tún ní ìwọ nìkan lọ ra ẹja létí omi, o ní “háú mọ́ọ̀ṣì”, wọ́n sì fi ọ̀yàyà dá ọ lóhùn. Mo ti ń fi í kí èèyàn níbí. Nígbà tí akọ̀wé káńsù gun kẹ̀kẹ́ kọjá, mo ní háú mọ́ọ̀ṣì sà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ òun kì í ṣe títà. Tàjúdéènì ní iye ọjà ni wọ́n fi ń béèrè. Kò burú, a ṣáà jọ sọ̀rọ̀ pẹ́.

Mo ti tú ẹrù mi. N kò ní wá mú ọ mọ́, àfi kí n wá gbọ́mọ tí o bá bí.

Káfíńtà fẹ́ fi gíláàsì sí àwòrán náà kí èéfín má bàa bà á jẹ́, nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí o fi ti kẹrosíìnì kún un.

Ibi tí o bá yà sí nílùú yẹn, ẹni tó máa ní kí o wọlé kò ní wọ́n ọ. Ẹnu rẹ kò ní wá ọ̀rọ̀ tì. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Àmínátù.