Afárá Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Wó

Oko-Akarè,
Àjà-Wẹ̀rẹ̀.

Oyèbánjí, ọmọ mi,

Mo kí ọ níbi iṣẹ́ tíṣà tí ìjọba gbé ọ lọ ní Kándí. Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, mo mọ̀ pé kò le. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí o máa jẹun. Èmi àti ọmọ rẹ wà láàyè.

Télégíráàmù sọ fún ọ pé Ìyábùnmi, ìyàwó wa, kú níbi ìkúnlẹ̀. O kọ̀wé padà pé, "Ìyá, ta ló fà á?" O ní o kò ní wálé wo ọmọ títí wàá fi mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnì kan, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ mi.

O rántí ilé ìgbẹ̀bí tí Délégé, aṣojú ìjọba lágbègbè wa, ní kí a fi ọwọ́ ara wa kọ́. Ó pín iṣẹ́: àwa Oko-Akarè ni ká mọ ògiri, Ìkpìnlẹ̀ ni kó gé igi òrùlé, Tatonnonkon ni kó tún afárá odò tó wà láàrin wa ṣe. Ó ní ìlú tó bá kọ́kọ́ parí ni yóò gba àsíá. Áà, ọmọ mi, a sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé! A pọn omi, a tẹ amọ̀, ògiri dúró kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó parí. A ń fi àwọn ará Ìkpìnlẹ̀ ṣẹ̀sín lọ́jà, pẹ̀lú orúkọ tí ìjọba ní ká máa pe ara wa: "Kámárádì, ṣé àáké yín ṣì ń sùn ni?" Wọ́n ní, "Ẹ wá fìlà fún ògiri yín ná!"

Àwọn náà gé igi wọn tán. Tatonnonkon ò fẹ́ gbẹ́yìn. Kí Délégé lè rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó afárá àtijọ́ kí pákó tuntun tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni igi òrùlé há sí òdìkejì odò. Òjò dé, ògiri wa yọ́ bí iyọ̀.

Nínú òjò yẹn ni ìrọbí mú Ìyábùnmi. Ó bímọ sílé, ẹ̀jẹ̀ kò dá. A gbé e sórí mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù Ògúnjọbí aládùúgbò wa, a forí lé ilé ìwòsàn Pọ́bẹ̀. Odò ti kún, afárá kò sí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà, òtútù ń mú mi." Etí omi yẹn ló dákẹ́ sí. Mo ń wo igi òrùlé wa ní òdìkejì.

Mo wá ẹni tí n ó ṣépè fún. Mi ò rí ọ̀lẹ kan níbẹ̀, olúkúlùkù ló ṣe tirẹ̀. Ẹni tí yóò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni kò sí. Nídìí epo, ẹni tó ń gún ẹyìn kì í bá ẹni tó ń sè é díje, ó ń dúró kó jinná ni. Àwa obìnrin mọ èyí, a gbàgbé rẹ̀ nítorí aṣọ orí igi.

Lẹ́yìn ìsìnkú mo dìde ní ìpàdé: "Kámárádì Délégé, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní àsíá mọ́. Ẹ bi olúkúlùkù pé iṣẹ́ ta ló ń dúró de tirẹ̀." Délégé gbà. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ ṣe afárá, igi kọjá, a tún ògiri mọ nígbà tí òjò dá. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá ni wọ́n kan páànù. Wọ́n ní kí n wọlé wò ó. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Kí Ọlọ́run rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Kí ó má jẹ́ ká tún fi ènìyàn wa kọ́gbọ́n mọ́.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Ẹfúnwùmí

Mo gbàgbé: "Ọmọ Oyèbánjí" lásán là ń pe ọmọ náà. Àwọn àgbà ní kí n sọ ọ́ lórúkọ, mo kọ̀, iṣẹ́ tìrẹ nìyẹn. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tí a ń dúró dè. Afárá ti wà. Máa bọ̀.