Ẹni Tó Ń Ka Ìrìn Mi Nínú Fóònù

Bàdírátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ará ilé rẹ ní Bódìjà. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ dùn ọ́ bí tèmi. Ìwé díẹ̀ ni mo kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi owó gàrí kọ́ ilé tí mo jókòó sí yìí, torí náà fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mi ò pè ọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹni inú fóònù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láńre onímọ́tò ló wá gba lẹ́tà nílé.

Ẹni tí o fi sínú fóònù mi yẹn, pé kó máa ka ìṣísẹ̀ mi kí ẹsẹ̀ mi tó wú lè wálẹ̀, o ṣeun. Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, àwa méjèèjì la jọ ń rìn dé Móníyà, onítọ̀hún á sì máa yìn mí. Ṣùgbọ́n látìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, tí mo wọlé opó, ẹni inú fóònù kò jẹ́ kí n gbádùn. Láàárọ̀ á ní mi ò tíì rìn, nírọ̀lẹ́ á ní mo ti ń fà sẹ́yìn. Mo sunkún ṣàlàyé fún un pé ọkọ mi ló kú, pé opó kì í jáde nílé, kò tiẹ̀ kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ó kàn ní òun ti dín iṣẹ́ mi kù, kí n máa rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n padà. Èmi! Èmi tí mo ru ẹ̀gẹ́ títí mo fi ra ilẹ̀!

Mo bá fi fóònù sínú àpò aṣọ kékeré, mo so ó mọ́ ọrùn àgbò bàbá rẹ. Ẹran yẹn, látìgbà tá a ti sin ẹni tó ni ín, ojoojúmọ́ ló ń gba ọ̀nà oko lọ, á dé ibi tí bàbá rẹ máa ń jókòó, á dúró, á padà. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni inú fóònù ti ń yìn mí, ó ní ara mi ti ń le, òun á fi kún iṣẹ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín dénú. Ta ló lè gbọ́n ju ìyá rẹ lọ?

Àfi ọjọ́ Jímọ̀ tí o pè, tí inú rẹ ń dùn, o ní o rí i lórí fóònù tìrẹ pé mò ń rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé ọkàn rẹ ti balẹ̀, o ò ní wálé lóṣù yìí mọ́. Mo ní kò burú.

Bàdírátù, ẹsẹ̀ mi ti wú dé orúnkún. Ògiri ni mo ń dì mú dé balùwẹ̀. Àgbò ni ara rẹ̀ le. Àgbò ló ṣì ń wá bàbá rẹ kiri.

Owó tí mo máa ń bèèrè, mo tún bèèrè lónìí o, ṣùgbọ́n má fún Láńre. Fi wọ mọ́tò wá sílé. Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, o ò ní bá ilé lófìfo.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì jáde opó.